Mo Ṣọ́ Bàtà ní Ẹnu Ọ̀nà Madurai

Aago mẹ́rin kọjá ogún ìṣẹ́jú ni, lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé. Àwa mẹ́rin la wà ní pálọ̀ mi ní Mayesbrook, nílùú òyìnbó: èmi, ọmọbìnrin mi tó lóyún oṣù méje, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, àti wòlíì àgbà ìjọ wa. Ìyàwó mi ni ẹnì karùn-ún, nínú fọ́tò lára ògiri. Ọdún kejì rèé tó ti kú. Iṣẹ́ ilé ìkẹ́rùsí tí mo ń ṣe ní Dagenham Dock ló kọ́ mi láti máa kọ àkókò sílẹ̀, àti àwọn tó wà níbẹ̀. Torí náà mo kọ ti ọjọ́ yẹn náà.

Wòlíì ti mu tíì mi tán, ṣúgà mẹ́rin, kó tó sọ ohun tó bá wá.

"Arákùnrin," ó ní, "ẹ má jẹ́ ká fa ọ̀rọ̀ yìí gùn. Ibo ni nǹkan yẹn wà?"

"Nǹkan wo, Bàbá?"

"Agogo òrìṣà yẹn. Ẹ̀mí ti fi hàn mí. Ọwọ́ tó mú ìyá lọ ti ń nà sí oyún inú ọmọ. Ẹ gbé e wá sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́la. A ó gbàdúrà lé e lórí, a ó sì gbé e lọ jù sínú odò lẹ́bàá Dagenham Dock."

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ti ń nu ojú. "Ọkọ àbúrò mi, ẹ ṣàánú ọmọ inú ọmọ yín. Kí lẹ fẹ́ fi agogo ṣe? Ṣé ẹ fẹ́ sè é jẹ ni?"

"Mummy Àgbà, kò sí nǹkan tó ṣe mí o," ọmọ mi dáhùn. "Mo ṣe scan ní Ọjọ́bọ̀. Ṣe ni baby ń ta nọ́ọ̀sì nípàá, ó ní kí wọ́n fi òun sílẹ̀ jàre."

"Scan kì í rí ẹ̀mí," Wòlíì sọ. "Ṣé ìyá rẹ náà ò ṣe scan ni?"

Ọmọ mi wò mí. Ó ń retí kí n sọ̀rọ̀. N kò la ẹnu mi. Kò sí ohun tí Wòlíì sọ lọ́sàn-án ọjọ́ náà tí kì í ṣe èmi ni mo kọ́kọ́ fi sí i lẹ́nu.

Mo rántí ìgbà tí èmi àti ìyàwó mi rin ìrìn àjò lọ sí Íńdíà. Ó tó ọdún mẹ́tàdínlógún báyìí. Ará Íńdíà kan wà tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ó ń wa ọkọ̀ kékeré tí wọ́n fi ń to ẹrù. Nítorí pé mo fi ọdún díẹ̀ jù ú lọ, ẹ̀gbọ́n ló máa ń pè mí ní èdè wọn, níwájú gbogbo òṣìṣẹ́, títí tí àwọn òyìnbó ibẹ̀ náà fi ń pè mí bẹ́ẹ̀ láìmọ ìtumọ̀ rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ obìnrin fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ní Madurai, ìlú wọn. Ó ní bí n kò bá wá, òun á jẹ́ kí ẹrù wó lé mi lórí. Ìyàwó mi ló ní ká lọ. A fi ọmọ wa ọlọ́dún mẹ́wàá sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, a wọ bàálù dé Bombay, a sì fi ọkọ̀ ojú irin àti bọ́ọ̀sì la ilẹ̀ náà já láti ibẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀, torí pé ìyàwó mi ní òun ò wá sí Íńdíà láti wá wo ìkùukùu.

Ẹ̀bá fèrèsé ló jókòó sí ní gbogbo ọ̀nà. Bó bá rí ilẹ̀ pupa, á ní, "Wò ó, Ìjẹ̀bú nìyẹn." Bó bá rí obìnrin tó ru igi, á ní, "Wo ìyá mi." Èmi kò wo nǹkan púpọ̀. Ìwé ni mò ń kọ. Mo ti lé ní ọmọ ọdún márùndínlógójì kí n tó mọ ìwé kà dáadáa, ní kíláàsì àwọn àgbàlagbà tí mò ń lọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó sì ń gùn mí gan-an. Orúkọ ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan, wákàtí tí a dé àti wákàtí tí a kúrò, gbogbo rẹ̀ ni mo kọ. Ọdún yẹn náà ni mo kọ́kọ́ fi ojú ara mi ka òfin mẹ́wàá nínú Bíbélì. Ẹni tí wọ́n ti ń ka ìwé fún láti kékeré mọ̀ pé gbogbo ayé ni wọ́n kọ ọ́ sí. Èmi rò pé èmi nìkan ni wọ́n kọ ọ́ sí, pé wọ́n sì fi mí ṣe ọlọ́pàá rẹ̀.

A dé Madurai ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta. Ilé àdúrà àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ló wà láàárín ìlú náà, ìlú wá yí i po, títì kan lẹ́yìn òmíràn, bí ìpele àlùbọ́sà. Ọ̀rẹ́ mi ní ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún tí àwọn èèyàn ti ń gbàdúrà níbẹ̀. Ilé gogoro ló wà lórí ẹnubodè kọ̀ọ̀kan, ó ga ju ilé alájà mẹ́wàá lọ. Ère ló kún ara wọn láti ìsàlẹ̀ dé òkè: èèyàn, ẹṣin, ẹranko tí n kò mọ orúkọ rẹ̀, àwọn kan ní ọwọ́ mẹ́rin, àwọn kan yọ eyín síta. Wọ́n fi ọ̀dà pupa, àwọ̀ ewé àti àwọ̀ ojú ọ̀run kùn wọ́n. Òdòdó funfun kéékèèké ni wọ́n ń tà ní gbogbo igun, òórùn rẹ̀ ló gba ìlú. Ìyá ọ̀rẹ́ mi ti fi ẹ̀wọ̀n òdòdó náà sí irun ìyàwó mi ká tó jẹun àárọ̀. Wọn kò gbọ́ èdè ara wọn, síbẹ̀ wọ́n sọ̀rọ̀ títí oúnjẹ fi jinná.

Ó yẹ kí n sọ irú ìjọ tí a jẹ́. Aládùúrà ni wá, aláṣọ funfun. A kì í wọ bàtà wọ inú ilé Ọlọ́run. A ń tan àbẹ́là, a ń sun tùràrí, a ń fi èso síwájú pẹpẹ. Bí wọ́n bá lu agogo ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ibi yòówù kí o wà nínú ilé náà, orúnkún ni. O kò ní ronú kí o tó kúnlẹ̀. Orúnkún ti mọ̀ ọ́n ṣáájú ọkàn.

Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ọ̀rẹ́ mi mú wa lọ wo ilé àdúrà náà. Wọ́n ní àlejò lè wọlé, ibi mímọ́ inú lọ́hùn-ún nìkan ni kò gbọdọ̀ dé. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún ìyàwó mi, ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ti bọ́ sálúbàtà rẹ̀. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Bó ṣe máa ń bọ́ ọ ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Dagenham gan-an ló ṣe bọ́ ọ.

"Obìnrin yìí, ṣé orí rẹ pé?" mo ní. "Ilé òrìṣà lo fẹ́ wọ̀?"

"Ilé àdúrà ni."

"Àdúrà sí ta ni?"

"Ẹni tí mò ń gbàdúrà sí nílé. Àbí Bombay ló bọ́ọ́lẹ̀ sí? Kò bá wa dé ibí ni?"

Ọ̀rẹ́ mi bú sẹ́rìn-ín. Kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó mọ ìgbà tí obìnrin bá ti fún ọkọ rẹ̀ ní èsì. "Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "bọ́ bàtà. Kì í ṣe wúrà. Kò sẹ́ni tó máa jí i."

Mo ní n kò bọ́ bàtà. Mo ní bí ìyàwó mi bá fi lè wọ ibẹ̀, kó má bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Mo pariwo. Àwọn èèyàn yíjú. Ìyàwó mi wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó wá mú sálúbàtà rẹ̀, ó fi lé mi lọ́wọ́. "Bá mi mú èyí dání," ó ní, "nígbà tó ti jẹ́ pé bàtà lo wá sìn." Ó sì bá ọ̀rẹ́ mi wọlé lọ.

Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo fi dúró níbẹ̀. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi. Èmi ọkùnrin gbọ̀gbọ̀rọ̀, bàtà obìnrin lọ́wọ́ mi, nínú oòrùn. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìdílé kan dé láti ìlú òkèèrè, ìyá àgbà àti ọmọ àti ọmọ-ọmọ. Wọ́n wò mí, wọ́n wo bàtà ọwọ́ mi, wọ́n sì bọ́ tiwọn síwájú mi. Kí n tó mọ ohun tí mo fẹ́ sọ, wọ́n ti wọlé. Àwọn mìíràn rí òkìtì yẹn, àwọn náà kó tiwọn lé e. Ọwọ́ mi kò gbà pé kí n fi bàtà olóbàtà sílẹ̀ kí olè kó o. Nítorí náà mo ṣọ́ ọ. Ajá kan wá gbé ẹyọ kan, mo lé e, mo gbà á padà. Ọkùnrin tó kọ̀ láti wọ ilé òrìṣà di aṣọ́bàtà ẹnu ọ̀nà rẹ̀, iṣẹ́ tí kò béèrè fún, tí kò sì sí ẹni tó gbà á sí i. Nígbà tí ìyá àgbà yẹn jáde, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pàdé níwájú àyà, ó tẹrí fún mi. Mo yí ojú mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ìyàwó mi jáde, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ pọ́n. Òkúta àgbàlá náà ti gba oòrùn láti àárọ̀. Kò ráhùn. Ó kàn ní, "Wọ́n ń lu agogo nínú ibẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí n tó mọ̀ pé mo kúnlẹ̀." Ó ń fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní òun gbàdúrà fún ọmọ wa, àti fún ìdánwò kíláàsì tí èmi fẹ́ ṣe nígbà tí a bá padà. Mo na sálúbàtà rẹ̀ sí i.

Àwọn alágbẹ̀dẹ idẹ ń tajà lójú títì lẹ́bàá ibẹ̀. Agogo ọwọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa ti sán nígbà náà, ó ń dún bí agolo. Ìyàwó mi jókòó sórí àpótí níwájú oníṣòwò kan, ó ń gbé agogo kọ̀ọ̀kan sétí, ó ń mì ín bí ẹni ń mi àgbọn wò bóyá omi wà nínú rẹ̀. Kò yára. Ọ̀kan tí kò tóbi ló mú. Ohùn rẹ̀ mọ́, ó sì ń pẹ́ kó tó tán.

Nígbà tí ìgbéyàwó náà parí, ọjọ́ méjì ni a fi wọ ọkọ̀ ojú irin padà sí Bombay, n kò sì bá a sọ̀rọ̀. Ó fi àkísà so ahọ́n agogo náà, ó fi ìró wé e, ó gbé e sórí itan bí ọmọ ọwọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí àwọn èèyàn ṣì ń sùn, ọkọ̀ fò sókè díẹ̀, àkísà náà tú, agogo dún gbangba. Gbogbo ọkọ̀ ta jí. Ọkùnrin kan tó wà lórí ibùsùn òkè fi orí gbá àjà. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀, ó wá wojú mi bóyá èmi náà á rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín wà lẹ́nu mi. Mo gbé e mì.

Mo yege ìdánwò náà. N kò sọ fún un pé ó ṣeun.

Ó gbé agogo náà fún ìjọ, wọ́n sì gbé e sórí pẹpẹ. Ó lé ní ọdún mẹ́wàá tí wọ́n fi lù ú. Wòlíì fúnra rẹ̀ ló máa ń lù ú, ó ní ohùn áńgẹ́lì ló wà nínú rẹ̀. Gbogbo ìjọ mọ̀ pé Íńdíà ló ti wá. Kò sẹ́ni tó béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn náà ni jẹjẹrẹ dé. Àwọn dókítà ṣe tiwọn. Lọ́jọ́ kan lẹ́yìn ìsìn, Wòlíì pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Arákùnrin, ẹ wẹ̀yìn wò. Ibo ni obìnrin yìí ti fi ẹsẹ̀ rẹ̀ rìn dé?" Mo lè sọ pé ibi iṣẹ́, ilé àti ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi tí n kì í sọ̀rọ̀, ọjọ́ yẹn ni mo rí ọ̀rọ̀ sọ. Mo ní ó wọ ilé òrìṣà ní Madurai, ẹsẹ̀ lásán, mo kìlọ̀ fún un kò gbọ́, ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ ló sì ti ra agogo. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Mo fẹ́ kí àìsàn náà ní orúkọ tí mo lè bá jà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rù nìkan. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn, mo ṣì gbé e sínú. Mo sọ ti ìyàwó mi, n kò sọ ti bàtà tí mo ṣọ́. Mo yọ ara mi kúrò nínú ìtàn náà bí ẹni yọ egungun kúrò nínú ẹja. Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹnu tèmi ni. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyàwó mi ló gbà á.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní kó jáde síwájú pẹpẹ. Wọ́n fi àbẹ́là lé e lọ́wọ́. Egungun orúnkún rẹ̀ ti yọ nígbà náà, kò sí ẹran níbẹ̀ mọ́, wọ́n sì mú un kúnlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ orin títí ìwàásù fi parí. Wòlíì ní kó jẹ́wọ́. Ó ní, "Mo wọ ibẹ̀. Mo bọ́ bàtà mi. Ọlọ́run tí mò ń sìn níbí ni mo bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀." Wòlíì ní ìyẹn kọ́, kó sọ pé òun kábàámọ̀. Ìyàwó mi yí orí, ó wá mi láàárín àwọn ọkùnrin, ó rí mi. Ó mọ̀ pé èmi nìkan ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà nínú gbogbo ìjọ. Kò bínú. Ó kọjú sí pẹpẹ padà, ó ní, "Mo kábàámọ̀." Torí tèmi ló ṣe sọ ọ́, kí wọ́n lè jẹ́ ká máa lọ sílé.

Wọ́n fi ọ̀rá dúdú wé agogo, wọ́n dá a padà fún wa. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà ló kú. Níbi ìsìnkú, Wòlíì ní ká yọ̀, torí pé ó jẹ́wọ́ kó tó lọ, a sì ti dárí jì í. Dárí kí ni jì í? Mo dúró lẹ́bàá kòtò náà, mo sì dákẹ́. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ti ìyàwó mi náà bá mi dákẹ́.

Ohun tó wà nínú mi nìyẹn nígbà tí Wòlíì ń retí èsì mi ní pálọ̀. Mo wo ife tíì rẹ̀. Mo wo ikùn ọmọ mi. Mo rí i pé bí agogo yẹn bá wọ odò, ọmọ tí a fẹ́ bí á dàgbà, wọ́n á sì sọ fún un pé ìyá ìyá rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ẹ̀gàn yẹn á wá di òtítọ́ ìdílé. Inú bí mi sí Wòlíì. Inú bí mi sí ara mi jù bẹ́ẹ̀ lọ.

"Ó wà lókè," mo ní. "Màá gbé e wá lọ́la."

"Ògo ni fún Olúwa!" Wòlíì dìde. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi di mọ́ mi. Ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í kó ife. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó ní, "Daddy, ẹ̀ẹ̀kejì nìyí o." Mo ní, "Tẹ̀ lé mi lọ́la. Má sọ̀rọ̀."

Mo ti di ẹni tó lé ní ọdún márùndínlọ́gọ́ta díẹ̀. Mo ti ka ìwé púpọ̀ lẹ́yìn ọdún yẹn, mo sì ti wá mọ̀ pé ìyàwó mi tí kò ka tó ìdajì wọn ló mọ ohun tó wà nínú wọn. Mo máa ń ronú nípa ìyá àgbà yẹn tó tẹrí fún mi ní Madurai. Ó rò pé iṣẹ́ ìsìn ni mò ń ṣe. Òun nìkan ló rí oore kankan nínú ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ náà, àṣìṣe sì ni.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, aago mẹ́fà, mo tú ọ̀rá dúdú náà. Idẹ ti ṣú. Mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ fọ̀ ọ́ títí mo fi rí ojú ara mi nínú rẹ̀. Mo wọ aṣọ funfun mi. Èmi àti ọmọ mi wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Heathway ní Dagenham, níbi tí ìjọ wa ti ń lo gbọ̀ngàn kan lókè àwọn ilé ìtajà. Mo bọ́ bàtà mi lẹ́nu ọ̀nà, mo tò ó sáàárín ti àwọn yòókù.

Wòlíì pè mí síwájú. Ó ti na ọwọ́ láti gba agogo náà. N kò fún un. Mo kọjú sí ìjọ, mo sì lù ú lẹ́ẹ̀mẹta.

Gbogbo ilé lọ sílẹ̀. Àwọn ìyá, àwọn akọrin, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi. Wòlíì náà lọ sílẹ̀, iwájú orí rẹ̀ kan kápẹ́ẹ̀tì, níbi tí ìyàwó mi kúnlẹ̀ sí gan-an. Kò ronú. Orúnkún ti mọ̀ ọ́n.

"Agogo òrìṣà nìyẹn," mo ní. "Ẹ ti kúnlẹ̀ fún un. Ibi tí Bàbá kúnlẹ̀ sí yẹn, ibẹ̀ ni ẹ mú aya mi kúnlẹ̀ sí. Kò dẹ́ṣẹ̀ kankan. Ó gbàdúrà fún mi nínú ibẹ̀, èmi sì wà níta, mo ń ṣọ́ bàtà, mo ń bínú. Èmi ni mo fà á lé yín lọ́wọ́. Ẹ̀rí mi nìyẹn."

Mo mú ọmọ mi lọ́wọ́, a wá bàtà wa, a sì jáde.

N kò wé agogo náà mọ́. N kò so ahọ́n rẹ̀. Mo gbé e lé itan nínú bọ́ọ̀sì, ó sì ń dún ní gbogbo ibi tí ọkọ̀ náà ti fò sókè, títí a fi dé Mayesbrook. Àwọn èèyàn ń yíjú wò wá. Ọmọ mi ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ìyá rẹ̀. Ó wojú mi. Lọ́tẹ̀ yìí, n kò gbé tèmi mì.